Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Wọ́n ti fi pọ́ǹpù sí i, ìyàwó mi ò sì mọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 58 ni mí, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, àtọ̀gbẹ sì ti wà lára mi tipẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí nǹkan ọkùnrin mi ò ti dìde mọ́, mo lo oògùn òyìnbó, mo mu àgbo jẹ̀dí, mo lo burantashi títí àyà mi fi ń já, kò sí èyí tó dá mi lóhùn nínú wọn. Ni mo bá ta ilẹ̀ kan, mo lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Íńdíà, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń mú okó le sí i, èyí tó ní pọ́ǹpù àti àpò omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo ti padà sílé. Ẹpọ̀n mi ṣì wú díẹ̀, ó máa ń ro mí tí mo bá jókòó pẹ́, bí mo sì ṣe ń wò ó yìí ó dà bíi pé ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Wọn ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó kí n tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ìyàwó mi rò pé ìpá ni mo lọ gé. Àbí wọ́n kàn gbowó mi lásán ni? — Bàbá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrora, ẹ sì kú ewu ọ̀nà jíjìn. Rárá o, wọn ò gbowó yín lásán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kéré. Awọ òde lè ti jinná kí inú ṣì máa ro èèyàn, wíwú tẹ́ ẹ sì ń sọ yẹn, tó bá ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà lára yín, torí ó jọ pé wọ́n sáré tú yín sílẹ̀ ni. Dókítà Brantley Scott àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ jáde ní Houston l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1973, látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Ọ̀pá rọ́bà méjì ló wà nínú okó, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àpò omi kékeré wà nísàlẹ̀ ikùn nítòsí àpò ìtọ̀, pọ́ǹpù wá wà nínú àpò ẹpọ̀n. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ pọ́ǹpù, omi á kúrò níkùn, á wọ inú ọ̀pá méjèèjì, á le. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tó wà lára pọ́ǹpù yẹn, omi á padà síbi tó ti wá, á rọ̀. Gbogbo ẹ̀, inú ara ló wà.

Àmọ́ ẹ má tíì tẹ nǹkan kan o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ní kéèyàn dúró, lẹ́yìn náà dókítà fúnra ẹ̀ ló máa kọ́ yín. Ẹ mú ìwé tí wọ́n fún yín ní Íńdíà àti káàdì tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ náà sí, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà yúrólójì, ìyẹn dókítà tó ń tọ́jú àpò ìtọ̀ àti nǹkan ọkùnrin, ní ilé ìwòsàn ńlá, UCH n'Íbàdàn kò jìnnà sí yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré kọ́ lèèyàn máa ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka wá pọ́ǹpù yẹn rí nínú àpò ẹpọ̀n, kẹ́ ẹ dì í mú kó má yọ̀ sókè, kẹ́ ẹ wá máa fún un. Lákọ̀ọ́kọ́ á le mọ́ yín lọ́wọ́, á sì máa ro yín díẹ̀. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́ fúngbà díẹ̀, kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ tú u, kí ara lè mọ̀ ọ́n lára. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má gbé ẹrù tó wúwo, ẹ má gun ọ̀kadà, ẹ má bá obìnrin sùn, ẹ sì wọ pátá tó dì mọ́ra kẹ́ ẹ gbé okó sókè sí ikùn bí wọ́n bá ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe.

Ṣúgà yín ńkọ́? Ẹ ò sọ, ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Tí ṣúgà bá ga, ọgbẹ́ ò ní tètè jinná, kòkòrò á ráyè wọlé, tí kòkòrò bá sì ti débi rọ́bà yẹn, oògùn nìkan kì í sábà lé e lọ, yíyọ ni wọ́n máa ń yọ gbogbo ẹ̀. Nítorí náà tí ibà bá mú yín, tí ojú ọgbẹ́ bá pupa tó ń gbóná, tó ń ṣọyún, tàbí tí ìrora tó ti ń lọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í le sí i, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn, kì í ṣe kẹ́míìsì o.

Ti pé ó kéré, òótọ́ ni pé kò ní gùn tó ti ìgbà ọ̀dọ́. Okó tí ò dìde fún ọdún mẹ́fà ti sún kì kí wọ́n tó là á, ẹ̀rọ yìí kì í sì í fà á gùn, ńṣe ló ń mú un le. Orí ẹ̀ náà lè má wú bíi tàtijọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀, àti àtọ̀ tó ń jáde, iṣẹ́ abẹ yìí ò mú un lọ. Ohun tó mú lọ ni dídìde àdáyébá, kò sí oògùn tó tún máa jẹ́ kó dá dìde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jáwọ́ nínú burantashi pátápátá. Ẹ̀rọ náà lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó nílò àtúnṣe.

Ó ku ìyàwó yín. Bàbá Ìbejì, ọdún mẹ́fà! Kí lẹ rò pé obìnrin yẹn ti ń sọ sínú? Yálà ó gbà pé ẹ ní ẹlòmíì níta, tàbí ó gbà pé òun ti gbó lójú yín. Mo ti rí èyí ní wọ́ọ̀dù láìmọye ìgbà, ọkọ á gba ìtọ́jú tán, wọn ò sì ní lè wo ojú ara wọn. Ẹ sọ fún un kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn tó pé, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Tẹ́ ẹ bá lọ kọ́ pọ́ǹpù, ẹ mú un dání, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìyàwó ló mọ̀ ọ́n tẹ̀ ju ọkọ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ìlú London la wà. Wọ́n yọ pírósítéètì ọkọ mi, ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, nítorí jẹjẹrẹ lóṣù márùn-ún sẹ́yìn, kò sì dìde mọ́. Ó ní iṣẹ́ abẹ onípọ́ǹpù lòun fẹ́ ṣe kíá. Ṣé ẹ̀rọ ni mo wá fẹ́ máa bá sùn ni? — Màmá Tósìn

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Ẹ sọ fún un kó rọra. Iṣan tí wọ́n fọwọ́ kàn níbi pírósítéètì máa ń pẹ́ kó tó sọjí, ó lè tó ọdún kan àbọ̀ tàbí méjì. Àwọn dókítà sábà máa ń fi hóró oògùn bíi sildenafil, ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wọ okó, àti abẹ́rẹ́ ṣáájú. Kó má fúnra ẹ̀ lo sildenafil o, pàápàá tó bá ń lo oògùn àyà tí wọ́n ń pè ní nitrate, ó léwu gan-an. Tí gbogbo ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó burú nínú pọ́ǹpù, ọkọ yín náà lẹ máa bá sùn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Àtọ̀ ò ní jáde mọ́ torí pírósítéètì tí wọ́n yọ, àmọ́ adùn rẹ̀ ṣì lè wà.

ÌBÉÈRÈ: SS ni mí, ọmọ ọdún 23. Lóru nǹkan mi máa ń le fún wákàtí púpọ̀, ó máa ń ro mí, ojú sì ń tì mí láti sọ.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹ̀jẹ̀ ló há síbẹ̀, ó máa ń ṣe àwọn onísíkúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀, ó lè ba inú okó jẹ́ débi tí kò fi ní lè dìde mọ́. Sọ fún dókítà síkúlẹ̀ rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá tún le tó ń lọ sí wákàtí mẹ́rin, ẹ̀ka pàjáwìrì ni kó o lọ lóru náà, má dúró kílẹ̀ mọ́.