Bí mo ṣe kọ ìṣeéṣe 1.3413 sínú ìdánwò

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè rẹ méjèèjì. Àkọ́kọ́: ọkọ AS, ìyàwó AS, wọ́n bí ọmọ mẹ́rin, kí ni ìṣeéṣe pé ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ SS? O kọ 1/4 × 4, o ní ìdáhùn jẹ́ 1. Ìkejì: píọ̀ wọ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ normal (ó pọ̀ jù láàárín, ó ń dín kù bákan náà lọ́tùn-ún lósì, bí òkìtì), mean (ìpíndọ́gba) rẹ̀ 500 ml, variance (òdiwọ̀n bó ṣe fọ́n ká) rẹ̀ 16, kí ni ìṣeéṣe pé ọ̀rá kan kò ní tó 494 ml? O ní 0.35.

Má bínú pé mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti kọ 1 yẹn rí, ìyá mi sì gbà bẹ́ẹ̀ di òní olónìí: wọ́n ní bí AS bá fẹ́ AS, nínú ọmọ mẹ́rin ọ̀kan á jẹ́ SS dandan, bí ẹni ń pín ẹran. Ẹ̀jẹ̀ kì í ka ọmọ. Bí oyún kọ̀ọ̀kan bá dé, 1/4 tuntun ló ń bá a wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n kò kan àbúrò. (Àfi ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, nítorí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọn. Bí ìbéèrè bá dárúkọ ìbejì, fura.) 1/4 × 4 tí o ṣe, iye ọmọ SS tí à ń retí ní ìpíndọ́gba ló fún ọ. Kì í ṣe ìṣeéṣe.

Gbólóhùn tó ni iṣẹ́ níbẹ̀ ni "ó kéré tán ọ̀kan". Ó kó ọ̀kan, méjì, mẹ́ta àti mẹ́rin pọ̀. Ta ló wá ṣẹ́ kù síta? Òdo nìkan. Wá òdo, kí o yọ ọ́ kúrò nínú 1: (3/4)^4 jẹ́ 81/256, ìyẹn 0.3164. 1 − 0.3164 = 0.6836. Ó tán. Ká ní "ọ̀kan péré" ni wọ́n béèrè ni, á di 4 × 1/4 × (3/4)^3, tí í ṣe 0.4219. Mẹ́rin tó wà níwájú yẹn la máa ń gbàgbé: SS náà lè jẹ́ àkọ́bí, ó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn, ó sì lè jẹ́ èyíkéyìí nínú àwọn méjì àárín.

Ti omi, variance lo fi pín. SD (standard deviation, gbòǹgbò variance) ni kí o lò: gbòǹgbò 16, ìyẹn 4. (494 − 500) ÷ 4 = −1.5, òun ni à ń pè ní z. Àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́mọ̀ máa ń fi variance dẹ pańpẹ́ ni, wọ́n á yan 16 tàbí 25 kó lè jọ nǹkan tó ṣeé lò bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku tébù tí a ti ń wo ìṣeéṣe z kọ̀ọ̀kan, ibi tí èmi ṣubú sí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe kọ́ọ̀sì yìí ní poli, tébù ẹ̀yìn ìwé mi máa ń kà láti àárín: z = 1, 0.3413. Ó ti mọ́ mi lára pé kí n fi 0.5 kún un. Èyí tí wọ́n pín fún wa nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ń kà láti ìpẹ̀kun òsì, 0.8413 ló wà níbẹ̀. Mo ṣáà fi 0.5 kún un. Mo kọ 1.3413, bẹ́ẹ̀ ìṣeéṣe kì í ju 1 lọ, mo fi rúlà fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, mo ṣí ojú ewé tó kàn. Kárí-ófà ni mo fi gbà á.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá na tébù sí mi, z = 0 ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí mo bá rí 0.0000, àárín ló ti bẹ̀rẹ̀, bí 0.5000 bá ni, ìpẹ̀kun òsì ni. Fún 1.5, o lè bá 0.4332 níbẹ̀, o sì lè bá 0.9332. Ya òkìtì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kí o kun ìrù òsì tí wọ́n ń béèrè: 0.5 − 0.4332 tàbí 1 − 0.9332, 0.0668 kan náà ni.

Wọn kì í sábà dúró níbẹ̀. Apá (b) lè ní: báàgì kan ní ọ̀rá 20, kí ni ìṣeéṣe pé ó kéré tán ọ̀kan kò kún tó? Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa wá tébù lẹ́ẹ̀kejì. Rárá o. O ti kúrò nídìí wíwọ̀n, kíkà lo wà yìí, 0.0668 náà ló di p, ìṣeéṣe ti ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Bíi ti ọmọ SS gẹ́lẹ́: (0.9332)^20 jẹ́ bíi 0.25, nítorí náà 0.75. Omi tó o rò pé ó kún dáadáa nìyẹn o.

Ṣe 3(c) fúnra rẹ kí n wò ó, èyí tí wọ́n kọ "kò ju méjì lọ" sí. Òdo wà nínú rẹ̀.