Èsì: Oko kajú bàbá wa tí ìjọba fẹ́ gbà fún ọ̀nà

Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí igi kajú bàbá yín lẹ́bàá Kábà, wọ́n sì ní ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀ kò ní gba kọ́bọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lóòótọ́, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ fún ànfààní ará ìlú. Ṣùgbọ́n abala 36 òfin yẹn kan náà gbà pé ilẹ̀ oko tó ti wà lọ́wọ́ ẹbí ní ìgbèríko kí òfin náà tó dé, ẹ̀tọ́ àtimáa dáko níbẹ̀ ṣì jẹ́ tiwọn, ìbáà má sí ìwé.

Ohun tó ń dùn mí ni abala 29: ohun tí ẹ fi sórí ilẹ̀ ni wọ́n ń san owó lé lórí, ilé, kànga, kajú, kòkó. Owó ilẹ̀ gan-an kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka igi yín lọ́kọ̀ọ̀kan kí katapílà tó dé, ẹ ya fọ́tò, ẹ jẹ́ kí aládùúgbò oko jẹ́rìí. Lọ́dọ̀ wa ní Ìjùmú, ẹbí kan dúró de òṣìṣẹ́ tí yóò wá kà á. Ìgbà tó fi dé, igi ti wó tán.

Ẹ béèrè ìwé ìfitónilétí pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ náà. Abala 44 ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí wọ́n san owó náà kíákíá, ó sì ṣílẹ̀kùn kóòtù fún yín. Kí ẹbí tètè fẹnu kò lórí ẹni tí yóò gba owó náà o.