Èsì fún kánsẹ́lọ̀ tuntun tí ó fẹ́ kí ọlọ́pàá máa yí wọ́ọ̀dù òun ká

Ẹ kú oríire ìbò, arákùnrin wa. Ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe mú kí ọlọ́pàá máa rìn yí wọ́ọ̀dù yín ká lóru, nítorí àwọn tí ń já ṣọ́ọ̀bù lápá Láfẹ́ńwá. Èmi náà ti ṣe kánsẹ́lọ̀ rí ní Abẹ́òkúta níbí, ọ̀rọ̀ yìí kò sì tíì tán lára mi.

Ẹ kò lè pàṣẹ fún ọlọ́pàá kankan, nítorí ìjọba àpapọ̀ ni òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi wọ́n sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá agbègbè yín, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Eléwéẹran, olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ògùn, kí wọ́n sì buwọ́ lu èyí tí yóò wà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ní ọdún kejì mi, àwọn ọdẹ mẹ́rin tí àdúgbò ń dáwó fún mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn ní nǹkan bí aago méjì òru, wọ́n sì lù ú kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé búrẹ́dì ni ó ti ń bọ̀. Etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ títí di òní. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọlọ́pàá kó àwọn ọdẹ náà, wọ́n sì mú alága CDA wa (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò), bàbá àgbàlagbà, mọ́ wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní àgọ́ náà, bẹ́ẹ̀ òfin sọ pé láàárín ọjọ́ kan ni kí a gbé ẹni tí a mú dé ilé ẹjọ́ bí ilé ẹjọ́ kò bá ju kìlómítà 40 lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni bélì, lábẹ́ ògiri yẹn gan-an ni wọ́n sì ti gba owó lọ́wọ́ wa. Inú ń bí mi sí wọn títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá wọn bi mí pé ta ni ó fún àwọn ọdẹ náà láṣẹ, àti pé níbo ni orúkọ wọn wà, mi ò ní ìwé kankan láti fi hàn án. So-Safe àti Àmọ̀tẹ́kùn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò, ní òfin ìpínlẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọdẹ tiwa kò ní nǹkan kan. Kí ọdẹ yín tó ṣọ́dẹ alẹ́ kan, ẹ mú orúkọ, àwòrán àti onígbọ̀wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí àgọ́, kí ẹ sì kìlọ̀ fún wọn pé pípe ọlọ́pàá ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe lílu ènìyàn.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé àwọn olùdìbò yín yóò bẹ̀ yín kí ẹ fi ọlọ́pàá bá wọn gba gbèsè, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n mú ìyá nítorí ọmọ tí ó sá lọ. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 kọ méjèèjì.

Bí ọlọ́pàá bá béèrè owó epo ọkọ̀, CDA ni kí ó ra epo náà, kí ó sì gba rìsíìtì. Kí owó náà má ṣe gba ọwọ́ yín kọjá.