Ikọ́ gba kíláàsì kan: ṣé kí n máa béèrè ìwé dókítà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ fásitì ni mí níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Akẹ́kọ̀ọ́ 120 ni mò ń kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí gírípù (flu) ti wọ àárín wọn. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, 40 nínú wọn ò wá. Òfin mi ni pé ẹni tó bá pa kíláàsì jẹ lẹ́ẹ̀mẹta láìmú ìwé dókítà wá, máàkì rẹ̀ á dín. Àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀, àwọn kan ń purọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Èmi náà ti ṣe irú òfin yìí rí, mo sì rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mo fi ń kọ́ wọn. Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń ti Ṣàkẹ́tẹ́ wá jókòó sí ìlà kejì. Ó fi ìborùn wé ara, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń fi etí ìborùn náà bo ẹnu wúkọ́. Mo ní kó máa lọ sílé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀kẹta mi nìyí." Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ìlà rẹ̀ ti ṣófo, èmi náà sì wà lórí ibùsùn. Òfin mi ló gbé e wá sí kíláàsì.

Gírípù kì í fara hàn lọ́jọ́ tó bá wọlé. Ó máa ń tó ọjọ́ 1 sí 4 kó tó gbé èèyàn dè, ẹni tó ní in sì lè kó o ran ẹlòmíràn láti nǹkan bí ọjọ́ kan kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, títí di ọjọ́ 5 sí 7 lẹ́yìn náà. Ẹ bá mi ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ ń rí wọn. Àìsàn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti jẹ kíláàsì méjì. Bí ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ nílé bá tún kó o, tó sì ní láti dúró tì í, ẹ̀ẹ̀mẹta ti pé nìyẹn, kò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ pa ti ìwé dókítà tì. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ara gbígbóná nílùú wa lè jẹ́ palú (ibà ẹ̀fọn), ojú lásán ò sì lè yà á sọ́tọ̀ lára gírípù, nítorí náà kí ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí èémí bá ń há, aboyún, ẹni tó ní ikọ́ fée, kí wọ́n má fi falẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kí èèyàn lọ gba ìtọ́jú yàtọ̀ sí kó lọ tò nítorí páálí àti òǹtẹ̀, kó máa wúkọ́ sára àwọn tó jókòó tì í, nígbà tó jẹ́ pé oorun ló yẹ kó máa sùn. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé páálí náà ṣeé rà. Nígbà tí H1N1, irú gírípù kan, jà káàkiri ayé ní 2009, CDC, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, gba àwọn fásitì níyànjú pé kí wọ́n má béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣàìsàn.

Lọ́la, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ẹ sọ fún wọn ní gbangba pé kí ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná dúró sílé, títí ara náà yóò fi tutù fún wákàtí 24 láìlo oògùn tó ń mú ara tutù. Àìwá tí ẹ ti kọ sílẹ̀ mọ́ wọn lọ́rùn láti ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pa á rẹ́. Ikọ́ lè pẹ́ lára lẹ́yìn tí ara bá ti tutù. Ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyè lẹ́bàá fèrèsé.

Ní ti máàkì, ìdánwò kéékèèké 6 ni mo máa ń ṣe, 5 tó dára jù ni mo máa ń kà. Aláìsàn ò ní láti wá bẹ̀ mí. Òpùrọ́ náà ò ní láti pa ìyá ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá fi ọ̀kan yẹn ṣeré, ìdánwò ìparí á bá a wí. Bí kíláàsì bá parí, olórí wọn á ya fọ́tò pátákó, èmi á sì fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ránṣẹ́ lórí WhatsApp. N kì í ṣe fídíò, torí mẹ́gà (dátà) ń náni lówó. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ò ṣeé ṣe lórí fóònù ní tirẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ Àbámẹ́ta kan sílẹ̀ fún un. Ìdánwò ìparí àti rattrapage (ìdánwò àtúnṣe) kì í ṣe ọwọ́ yín nìkan ló wà, nítorí náà ẹ kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka yín nísinsìnyí, ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n á jókòó lé máàkì.

Bí ó bá sì mú ẹ̀yin náà, ẹ dúró sílé.

Ẹ má jáwọ́ nínú pípe orúkọ o. Ohun tí ẹ ó máa wá níbẹ̀ ló yàtọ̀: orúkọ tí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ wò ó nílé.