Báwo ni mo ṣe lè lo ojú-iṣẹ́ Linux tó wà lọ́nà jíjìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò yára?

Ohun tó ń fa ìdádúró nínú ssh -X (àṣẹ tó ń gbé fèrèsé ètò orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, wá sórí kọ̀ǹpútà yín) kì í ṣe bí dátà ṣe pọ̀ tó nìkan: ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà máa ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà yín, á sì dúró gba èsì kó tó béèrè òmíràn, lemọ́lemọ́, kí fèrèsé kan ṣoṣo tó ṣí. Ìdí nìyẹn tí ssh -C, tó kàn ń fún dátà pọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ranni lọ́wọ́.

X2Go, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ lo ojú-iṣẹ́ Linux láti ọ̀nà jíjìn, ni mo dámọ̀ràn. Nxagent, apá X2Go tó wà lórí sáfà, ló ń dáhùn ọ̀pọ̀ ìbéèrè wọ̀nyẹn lójú ẹsẹ̀, nxproxy, apá tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín, sì ń tọ́jú ohun tó ti kọjá kí wọ́n má baà tún un fi ránṣẹ́. Ẹ fi x2goserver àti x2goserver-xsession sórí sáfà, kí ẹ fi x2goclient sórí kọ̀ǹpútà yín. Inú SSH (ọ̀nà ìsopọ̀ tó ní ààbò) ni gbogbo rẹ̀ ń gbà, nítorí náà pọ́ọ̀tù 22 tó. Lábẹ́ Connection nínú x2goclient, níbi tí ẹ ti ń yan bí íntánẹ́ẹ̀tì yín ṣe yára tó, bí ADSL bá ṣì ń falẹ̀, ẹ sún un sí ISDN, tó wà fún íntánẹ́ẹ̀tì tó tún lọ́ra jù ú lọ, kí ẹ sì dín Image quality kù. Ojú-iṣẹ́ XFCE tàbí MATE ni kí ẹ lò, nítorí GNOME tuntun kì í bá X2Go ṣe dáadáa.