Ṣé lóòótọ́ ni pé kòrónà ò lè ràn mọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Bàbá mi, ẹni ọdún 76, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Mọ́nátan, n'Ìbàdàn. Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Àtìgbà tí wọ́n ti ní ká bọ́ ìbòmú ni Bàbá ti ń lọ sóde ìnáwó bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ìlú ló ti kó kòrónà tán, kò lè ràn mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Wọ́n jàre lápá kan. Ọ̀pọ̀ wa ló ti kó o, àwọn mìíràn ti gba abẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde lóṣù karùn-ún 2023 pé kì í ṣe pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ṣùgbọ́n kò lè ràn mọ́ kẹ̀? Rárá o.

Ẹ wo àrùn èéyi (measles). Ọmọ tó bá ti ṣe é, tàbí tó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, kì í sábà ṣe é mọ́ láyé. Bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ti ní àjẹsára rẹ̀, ìyẹn agbára tí ara fi ń dènà á, àrùn náà ò ní ríbi gbà mọ́, ìkókó tí kò tíì tó gba abẹ́rẹ́ á sì bọ́. A rò pé kòrónà náà á rí bẹ́ẹ̀ ní 2020, pé tó bá ti tó 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ó parí. Kò parí. Àjẹsára tó ń dènà kíkó rẹ̀ ń dínkù láàárín oṣù díẹ̀, kòkòrò náà sì ń para dà. Ní Manaus ní Brazil, àwọn tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ṣírò pé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ará ìlú ló ti kó o ní 2020. Nígbà tó di oṣù kìíní 2021, ó tún gbóná débi tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn fi tán láwọn ilé ìwòsàn.

Ohun tí kì í tètè lọ lára ni agbára tí kì í jẹ́ kó ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ débi ikú. Òun la gbójú lé tí a fi ń jáde báyìí. Àmọ́ lára àgbàlagbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í lágbára tó ti ọ̀dọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti Bàbá mọ́lé. Ìdánìkanwà náà ń pa àgbà lára. Abẹ́ kánópì tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ò bà mí lẹ́rù. Takisí Micra ló ń bà mí lẹ́rù: òjò ń rọ̀, wọ́n ti gbogbo gíláàsì, èèyàn mẹ́rin há sẹ́yìn, ẹnì kan ń wúkọ́. Ibẹ̀ ni kí Bàbá ti lo ìbòmú. Nílé, kí ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń mú jìnnà sí wọn. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín, kẹ́ ẹ sì máa yẹ ṣúgà wọn wò déédéé. Bí ikọ́ bá mú wọn tí mímí wá ń nira, ẹ má dúró dọ̀la, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.