Èsì: Kí ló dé tí ẹgbẹ́ Theresa May fi ta ko àdéhùn Brexit rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá léèrè ìdí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ May, olórí ìjọba Ìlú Ọba nígbà náà, fi dìbò ta ko àdéhùn Brexit tó bá Yúróòpù ṣe, ìyẹn àdéhùn bí Ìlú Ọba yóò ṣe kúrò nínú àjọ Yúróòpù (EU). Ọ̀rọ̀ ibodè tó wà láàárín Northern Ireland, tó jẹ́ ara Ìlú Ọba, àti orílẹ̀-èdè Ireland, tó wà nínú EU, ni. Ọkọ̀ ẹrù ń ti Newry ní Northern Ireland lọ sí Dundalk ní Ireland láìsí aṣọ́bodè tó ń dá a dúró, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan àdéhùn àlàáfíà 1998 tó parí ìjà Northern Ireland. May wá gbà pé bí wọn ò bá rí ọgbọ́n mìíràn dá, gbogbo Ìlú Ọba yóò ṣì wà lábẹ́ ètò owó-orí ibodè kan náà pẹ̀lú Yúróòpù. Àwọn tó fẹ́ jáde pátápátá ní ẹsẹ̀ kan ilé, ẹsẹ̀ kan òde nìyẹn. Ní January 15, 2019, ìbò 432 sí 202 ni àwọn aṣòfin fi lu àdéhùn náà bolẹ̀. 118 nínú àwọn tó ta kò ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Lójú tèmi, ìbò 2017 tó fọwọ́ ara rẹ̀ pè ló kó bá a. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti pọ̀ jù nílé aṣòfin tẹ́lẹ̀, kí ló tún ń wá? Ìbò náà ló gba ọ̀pọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ló sọ ọ́ di ẹni tó ń fara ti DUP, ẹgbẹ́ òṣèlú Northern Ireland tó fẹ́ kí ibẹ̀ máa jẹ́ ti Ìlú Ọba lọ, àwọn náà sì kọ̀yìn sí i. Boris Johnson tó di olórí ìjọba lẹ́yìn rẹ̀ kàn gbé ibodè náà sínú òkun tó wà láàárín Northern Ireland àti ìyókù Ìlú Ọba ni, DUP sì tún fárígá.